Níbi Tí Ẹṣin Méjìdínlọ́gọ́ta Ti Sáré

Ọjọ́rú: Lọ́ńdọ̀nù sí Lincoln

Bàámi ló kó mi sí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí mo lọ kí wọn ní Abẹ́òkúta lásìkò Kérésì, a jọ jókòó sí pálọ̀, tẹlifíṣọ̀n ń fi eré ẹṣin hàn láti Ìlú Ọba. Èmi ò wò ó, fóònù ni mo ń tẹ̀ ní tèmi. Ni wọ́n bá dédé bi mí pé, "Ṣé wọ́n ṣì ń sá Lincoln?"

Mo ní, "Lincoln wo nìyẹn, Bàbá?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tí gbogbo owó ilé-ìwé tí wọ́n san lórí rẹ̀ ṣòfò. "Ọmọ yìí, o ń gbé ìlú òyìnbó, o ò mọ Lincoln! Nígbà tí a wà ní kékeré l'Ékòó, tí a máa ń so mọ́ ọgbà Rés Kọ́ọ̀sì wòran, àwọn bọ̀ọ̀dá tó ń ta tẹ́tẹ́ a máa dá orúkọ rẹ̀ bí ẹni ń ki oríkì. Wọ́n ní ẹṣin tó tó ọgọ́ta ló sáré níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà."

Mo rò ó sí àsọdùn àgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà dé Lọ́ńdọ̀nù tí mo wá a wò, irọ́ kọ́, méjì péré ni wọ́n fi lé e. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé kò sí pápá ẹṣin kankan ní Lincoln mọ́. Láti 1964 ló ti kú. Eré tó ń jẹ́ Lincoln ṣì wà o, àmọ́ Doncaster ni wọ́n ti ń sá a, ìlú mìíràn pátápátá, ní Yorkshire. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá sọ fún ọ pé Ojúde Ọba ti kó lọ sí Ṣágámù, tí wọ́n sì ń pè é ní ti Ìjẹ̀bú-Òde síbẹ̀síbẹ̀.

Mo bá gba ìsinmi níbi iṣẹ́ sí ìparí oṣù Kẹta, ìgbà tí wọ́n máa ń sá a. Mo ní kí n kọ́kọ́ lọ wo òkú ná, kí n tó lọ wo ẹni tó jogún rẹ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì tí mo rà, ọkọ̀ ojú irin kan ṣoṣo ló yẹ kó gbé mi láti King's Cross dé Lincoln, wákàtí méjì dín díẹ̀. Ní Newark ni wọ́n ní ká sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ ò lọ mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí. A dúró nínú òtútù fún àádọ́ta ìṣẹ́jú, mo ń jẹ ẹ̀pà tí mo dì sápò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kó má bàa tètè tán. Èyí tó wá kó wa, kóòṣì méjì péré ló ní, a fún mọ́ra wa bí èrò Mólúè àtijọ́.

Ilẹ̀ agbègbè náà tẹ́ bí ẹní. Oko, kòtò omi, oko, kòtò omi. Lójijì ni òkè kan yọ, kàtídírà sì jókòó sórí rẹ̀. Kí ṣóńṣó àárín rẹ̀ tó wó ní 1548, wọ́n ní kò sí ilé tó ga tó o láyé fún bí igba ọdún. Pẹ̀lú bó ṣe gé kù náà, òun lo máa ń rí níbikíbi tóo bá yíjú sí ní ìlú yìí.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà kan ni mo dé sí. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń gbé Lincoln. Bí mo ṣe jẹ àmàlà tán, mo bi wọ́n pé ọ̀nà wo ni pápá ẹṣin àtijọ́ wà.

"Pápá ẹṣin? Ní Lincoln níbí?"

Mo ṣí àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n lórí fóònù. Wọ́n pariwo. "Ilé yẹn! Ibẹ̀ la ti ṣe ìkómọjáde ọmọ kan lọ́dún kẹta sẹ́yìn! Èmi ni mo se ìrẹsì!"

Bẹ́ẹ̀ ni o. Ilé ìwòran tí àwọn olówó ti ń na ọrùn wo ẹṣin ti di gbọ̀ngàn tí ará àdúgbò ń yá fún ayẹyẹ. Àǹtí ò mọ̀ pé ẹṣin sáré níwájú rẹ̀ rí. Wọ́n ní àwọn kàn rò pé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀: Orí pápá

Mo wọ súwẹ́tà méjì, kò tó. Mo rìn láti etí Brayford, adágún tó wà láàárín ìlú tí yunifásítì jókòó tì, mo gba Carholme Road lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ilé bíríkì pupa ni lọ́tùn-ún lósì, gbogbo wọn so kọ́ra. Bí ilé ṣe tán báyìí ni pápá là sílẹ̀ gbalaja.

Ilé ìwòran náà kọ ẹ̀yìn sí títì. Ohun tó kọ́kọ́ gbà mí lọ́kàn nìyẹn. Mọ́tò tó ń lọ sí Saxilby ń já ṣòòròṣò kọjá lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó wò ó. Ilé bíríkì ni, ti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Iwájú rẹ̀, níbi tí èrò ti máa ń tò wòran, koríko ló kọjú sí. Ó dà bí àgbàlagbà tó gbé àga síta, tó kọjú sí àgbàlá, tó ń retí àwọn tó ti lọ.

Mo yí i ká, mo bọ́ sórí koríko. West Common ni wọ́n ń pe pápá yìí, ilẹ̀ àjùmọ̀ní ará ìlú ni, láti ìgbà ìwásẹ̀ ni wọ́n ti ń da ẹran níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí òun ni kò jẹ́ kí wọ́n kọ́lé sí i lẹ́yìn tí eré ẹṣin lọ. Hurst Park, létí Lọ́ńdọ̀nù, tó kú ní 1962, ilé ni wọ́n kọ́ síbẹ̀. Ti Lincoln, koríko ṣì ni.

Ẹṣin sì ṣì wà níbẹ̀! Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi. Mo rò pé òfìfo pápá ni n óò bá, àfi bí mo ṣe rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán, mẹ́ta níbí, márùn-ún lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń jẹko. Ará ìlú ló ni wọ́n; ẹni tó bá ń gbé Lincoln tó ní ẹṣin lè sanwó fún kánsù kó dà á síbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ẹṣin pupa bí epo tó ní ìlà funfun níwájú orí, wá bá mi fúnra rẹ̀. Wọ́n fi kóòtù aláwọ̀ ewé bò ó lẹ́yìn, kóòtù náà ti ya ní èjìká, ẹnìkan sì ti fi okùn búlúù so ojú ibi tó ya. Èéfín ń jáde nímú rẹ̀. Ẹrẹ̀ dé e lórúnkún, ó ti gbẹ, ó ń là bí ìkòkò tí a ò sun dáadáa. Ó gbóòórùn àpò mi, ó bá ẹ̀pà níbẹ̀, ó fi ètè tì mí lápá. Mi ò mọ̀ bóyá ẹṣin ń jẹ ẹ̀pà. Mo sá sẹ́yìn.

Ọdún 1773 ni eré ẹṣin kó wá sórí pápá yìí. Kó tó dìgbà yẹn, orí ilẹ̀ gíga tó wà ní gúúsù ìlú ni wọ́n ti ń sá a. Nínú gbogbo eré tí wọ́n wá sá níbí, ọ̀kan ló gbé orúkọ ìlú kiri ayé: Lincolnshire Handicap. Àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òtútù ò tíì lọ tán ni wọ́n ń sá a, òun sì ni eré ńlá tó ń ṣí ọdún fún àwọn ẹṣin tó ń sáré lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, àwọn tí kì í fo ọgbà. Tí wọ́n bá sá a tán, Grand National ti Liverpool ló kàn, níbi tí wọ́n ti ń fo ọgbà bí ẹtu. Ẹni tó bá fi owó kan ṣoṣo ta tẹ́tẹ́ sórí eré méjèèjì, tó mọ ẹni tí yóò gba ti ìhín àti ẹni tí yóò gba ti ọ̀hún, Spring Double ló mú yẹn. Àwọn tó mú un ò pọ̀. Àwọn tó ń fi í lálàá láti oṣù Kìíní ló kún ìgboro.

Ohun tó jẹ́ kí eré náà dùn ni bí wọ́n ṣe ń di ẹrù, òun ni Handicap inú orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí. Ẹnìkan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju pé kó máa díwọ̀n ẹṣin lọ. Èyí tó ti ń borí kiri, wọn á jẹ́ kó gbé ẹrù wúwo: wọn á ki òjé sínú àpò tó wà lábẹ́ gàárì títí ìwọ̀n agẹṣin àti ẹrù yóò fi pé iye tí wọ́n kọ. Èyí tí kò tíì fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan, fúyẹ́ ni wọ́n á jẹ́ kó lọ. Tó bá ṣe bí ẹni tó díwọ̀n ṣe fẹ́, gbogbo wọn ni yóò dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà bí agbo lékeléke. Kì í rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó máa ń sún mọ́ ọn débi pé ẹṣin tí kò sẹ́ni tó kà á sí a kàn yọ láti ibì kan tí kò yẹ kó ti yọ.

Ní oṣù Kẹta 1948, ẹṣin 58 ló tò síbi ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí eré ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan ní Ìlú Ọba tí ẹṣin tíì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, ṣáájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Commissar ló gbà á. 33 sí 1 ni wọ́n gbé e lé, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó bá ta pọ́n-ùn kan sí i yóò gba mẹ́tàlélọ́gbọ̀n pẹ̀lú pọ́n-ùn tirẹ̀. Lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, Jockey Treble tó gbà á, 100 sí 1 ni. Mo ronú nípa àwọn bọ̀ọ̀dá Bàámi.

Mo wá ṣe ohun tí ojú ń tì mí láti sọ. Mo fẹ́ mọ bí 58 ṣe fẹ̀ tó. Nígbà náà, kò sí àgọ́ onírin tí wọ́n ń ti ẹṣin mọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. 1965 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Newmarket, ọdún kan lẹ́yìn tí Lincoln ti kú. Okùn ni wọ́n ń ta dábùú iwájú wọn, tí wọ́n á sì já a sókè. Mo bá fún ẹṣin kọ̀ọ̀kan ní ìgbésẹ̀ kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, mo ń kà á sókè: ení, èjì, ẹ̀ta... Mo dé márùndínláàádọ́ta nígbà tí mo rí i pé bàbá òyìnbó kan pẹ̀lú ajá rẹ̀ ti dúró ń wò mí.

Ó bi mí bóyá nǹkan mi ló sọnù. Mo ní rárá, ẹṣin ni mo ń kà. Ó wo ẹṣin mẹ́ta tó wà nítòsí, ó wò mí. Mo ní ti 1948. Ó rẹ́rìn-ín títí ajá fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbó.

Ó ní òun kéré púpọ̀ nígbà tí bàbá òun gbé òun wá, èrò sì ga ju òun lọ, kò rí nǹkan kan. Ilẹ̀ ló fi mọ̀ ọ́n. Ó ní ìró náà kọ́kọ́ wọ òun lẹ́sẹ̀ kó tó wọ etí. Lẹ́yìn náà ni gbogbo èrò ké, tí ẹrẹ̀ kan ta sókè, tó bà sára fìlà bàbá òun, tí bàbá òun ò sì nù ún títí wọ́n fi délé. Mo béèrè bóyá bàbá wọn jẹ tẹ́tẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Tó bá jẹ ni, ì bá ti nù ún."

Èmi fẹ́ràn ìtàn yẹn ju gbogbo ohun tí mo kà lọ.

Òun náà ló tọ́ka sí mi pé bàálù ti fò lórí pápá yìí rí. Mo ti kà á tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo dákẹ́ kó lè sọ ọ́. Lincoln kì í ṣe ìlú kékeré tó kàn jókòó; àwọn ilé iṣẹ́ tó ń rọ ẹ̀rọ oko kún ibẹ̀, àwọn náà ni wọ́n rọ ọkọ̀ ogun onírin àkọ́kọ́ ní 1915. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàálù. Ruston, Proctor, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ náà, nìkan ṣe bàálù ogun Sopwith Camel ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Orí pápá ẹṣin yìí ni wọ́n ti ń fò wọ́n wò kí wọ́n tó kó wọn lọ ojú ogun. Eré Lincoln fi ìlú sílẹ̀ ní ọdún wọ̀nyẹn, Lingfield ni wọ́n gbé e lọ. Nígbà ogun kejì, Pontefract. Tí ogun bá sì ti tán, á padà wálé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ló bọ̀.

Mo ka ẹṣin mi tán lẹ́yìn tí bàbá náà lọ. Ìgbésẹ̀ méjìdínlọ́gọ́ta. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ jìnnà débi pé mi ò ní lè dá ojú ẹni tó bá dúró síbẹ̀ mọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì: Òkè, ìwé, àti Èkó

Steep Hill ni wọ́n ń pe ọ̀nà tó gòkè lọ sí kàtídírà, wọn ò purọ́. Mo sinmi lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá arúgbó kan tó gbé báàgì ọjà kọjá lára mi láìmí hẹlẹ.

Ibi àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ lọ kàwé, ilẹ̀kùn tì, bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé wọ́n á ṣí. Mo fi bínú ra búrẹ́dì èso, plum bread tí ìlú náà fi ń yangàn: búrẹ́dì dúdú díẹ̀ tí èso gbígbẹ kún inú rẹ̀, wọ́n máa ń fi wàràkàṣì jẹ ẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé irú àpapọ̀ wo nìyí. Mo jẹ ìdajì kí n tó sọ̀ kalẹ̀.

Ibi kejì ṣí. Wọ́n gbé máàpù àtijọ́ kan fún mi. Pápá náà wà lórí rẹ̀, wọ́n fi ìlà tínínrín ya ipa ẹṣin roboto bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, wọ́n sì kọ Race Course sáàárín. Mo fi ìka tọ ìlà náà yípo, láìkan ìwé, nítorí obìnrin tó gbé e fún mi ń wò mí.

Nínú ohun tí mo kà, ti Ọba James Kìíní ló wù mí jù. Ó gba Lincoln kọjá ní 1617 nígbà tó ń lọ sí Scotland, ìlú sì sá eré ẹṣin fún un lórí ilẹ̀ gíga ọjọ́un, kí ọ̀rọ̀ West Common tó dé. Wọ́n kan pèpéle igi kan kí kábíyèsí dúró lé e lórí. Wọ́n sì ta okùn sí ìhà méjèèjì ipa eré, ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì, kí èrò má bàa ya wọ inú ẹṣin. Ẹ wo ohun tó ń dá pápá ẹṣin sílẹ̀ nígbà yẹn: pákó àti okùn. Bí ọba ti lọ, wọ́n tú u. Lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ilé bíríkì síbẹ̀ ni eré ẹṣin tó di ohun tó lè kú.

Kí ló wá pa á? Mo ti rò pé n óò bá iná tàbí ìjà nínú ìtàn náà. Ìṣirò owó ni mo bá. Títí di 1961, ẹni tó bá fẹ́ fi owó ọwọ́ ta tẹ́tẹ́ ẹṣin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láti wá sí pápá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó máa wá onítẹ́tẹ́ kọ̀rọ̀ tí ọlọ́pàá ń lé kiri. Òfin 1960 ló yí i padà: láti ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 1961, ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní ìgboro. Èèyàn lè ra búrẹ́dì, kó ta tẹ́tẹ́, kó padà sílé lọ gbọ́ èsì. Lọ́dún 1961 yẹn náà ni ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀, Horserace Betting Levy Board, tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn onítẹ́tẹ́, tó sì ń pín in fún àwọn pápá ẹṣin. Apá kan lára ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ẹṣin tó borí ń ti ibẹ̀ wá. Kò pẹ́ tí àjọ náà fi wò ó pé pápá ti pọ̀ jù, pé kí àwọn yan èyí tí àwọn yóò máa bọ́. Lincoln ò sí nínú àwọn tí wọ́n yàn. Manchester ti lọ ní 1963, Lewes lọ lọ́dún kan náà pẹ̀lú Lincoln, 1964. Kò sí ogun ní ọ̀tẹ̀ yìí, nítorí náà kò sí ìpadàbọ̀.

Lójú tèmi, wọ́n gbọ́n, wọn ò sì ṣàánú. Mo ti dúró lórí pápá yẹn nínú oṣù Kẹta. Mo mọ bí atẹ́gùn ibẹ̀ ṣe ń wọ egungun. Ọjọ́ eré mélòó ni wọ́n ń ní lọ́dún? Díẹ̀. Ta ni yóò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná lọ síbẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù bá wà lórígun àdúgbò? Àmọ́ kò yẹ kí wọ́n fi ojú kan náà wo pápá tó ní eré tí gbogbo ayé mọ̀ àti pápá tí kò ní nǹkan kan. Wọ́n mú eré náà, wọ́n fi ìlú sílẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, mo pe Bàámi.

"Ṣé o dé ibẹ̀?"

"Mo dé ibẹ̀, Bàbá. Méjìdínlọ́gọ́ta ni."

"Mo sọ fún ọ!" Inú wọn dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. "Ibẹ̀ ńkọ́? Kí ni wọ́n kọ́ síbẹ̀?"

"Wọn ò kọ́ nǹkan kan, sà. Koríko ni. Ẹṣin ń jẹko níbẹ̀."

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní ti Èkó, wọ́n kọ́ nǹkan síbẹ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Rés Kọ́ọ̀sì ni wọ́n ti gbé àsíá Nàìjíríà sókè lóru ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1960. Bàámi wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n lé kúrò lórí ọgbà lóru yẹn. Ní 1972 ni wọ́n kọ́ gbàgede Tafawa Balewa síbẹ̀, wọ́n da kọnkéré bo koríko. Wọ́n wá gbé ère ẹṣin funfun mẹ́rin sókè ẹnu ọ̀nà. Àwọn nìkan ni ẹṣin tí èmi bá níbẹ̀. Mo ti gba abẹ́ wọn kọjá lọ gba fọ́ọ̀mù, lọ wọ bọ́ọ̀sì, lọ ṣe ìsọjí, mi ò bi ara mi rí pé kí ni ẹṣin ń ṣe níbẹ̀.

Bàámi ní, "Ẹsẹ̀ wọn ò kanlẹ̀, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹsẹ̀ iwájú wọn wà lókè.

Wọ́n ní, "Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fẹ́ sáré."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: Doncaster

Àǹtí ní àwọn ń bá mi lọ, pé àwọn ò lè se ìrẹsì nílé ẹṣin kí àwọn má rí ẹṣin. Bíi wákàtí kan ni ọkọ̀ ojú irin gbà, Gainsborough la gbà kọjá. Gbogbo kóòṣì wa ló ń lọ síbì kan náà: àwọn ọkùnrin nínú kóòtù tó fún wọn lọ́rùn, àwọn ọmọbìnrin nínú aṣọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí kò bo apá, nínú òtútù yẹn. Àǹtí ń wò wọ́n bí nọ́ọ̀sì, mo mọ̀ pé bí wọ́n á ṣe bá wọn ní wọ́ọ̀dù lọ́la ni wọ́n ń rò.

Doncaster kò jẹ Lincoln ní gbèsè ẹ̀bẹ̀ kankan. Ìlú ẹṣin ni ní tirẹ̀; láti 1776 ni wọ́n ti ń sá St Leger, eré ẹṣin olókìkí kan, níbẹ̀. Pápá náà tóbi, ilé ìwòran rẹ̀ ń dán, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń pariwo sí i lemọ́lemọ́. Ọdún 1965 ni eré wa débí. Old Tom ló gbà á lọ́dún àkọ́kọ́ náà. Nínú ìwé ètò tí mo rà, Lincoln ni wọ́n kọ gàdàgbà. Mo bi ọkùnrin kan tó dúró tì mí nínú ìlà onítẹ́tẹ́ bóyá ó mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ní bóyá orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń náwó sí i ni.

Mo ta pọ́n-ùn márùn-ún sórí ẹṣin kan nítorí pé ó funfun. Àǹtí wo ìwé, wọ́n wo ìwọ̀n ẹrù, wọ́n wo ẹni tí yóò gùn ún, wọ́n ta pọ́n-ùn méjì.

Máìlì kan gbọnrangandan. Àgọ́ onírin wà lọ́ọ̀ọ́kán débi pé nínú tẹlifíṣọ̀n ńlá la ti ń wò ó. Méjìlélógún ni wọ́n. Òfin ò jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Wọ́n tì wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan kọ̀, wọ́n fi aṣọ bò ó lójú, ó wọlé. Lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn ṣí. Fún ìgbà pípẹ́, kò sóhun tí a rí ju àwọ̀ tó ń mì lọ. Mo rántí bàbá alájá, mo tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀ dáadáa lórí kọnkéré, mo ń dúró dè é.

Kò wá látinú ilẹ̀. Kọnkéré náà nípọn jù. Afẹ́fẹ́ ló gbé e wá, bí ìgbà tí òjò bá ń bọ̀ lórí páànù ilé ẹlòmíràn, kó tó dé tìrẹ. Wọ́n ti kọjá kí n tó mọ èyí tó jẹ́ tèmi. Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ẹṣin funfun mi wà láàárín ọ̀pọ̀ èrò ẹ̀yìn, kò yára, kò sì dà bí ẹni pé ó dùn ún. Ti Àǹtí ṣe ipò kẹta, wọ́n gba nǹkan díẹ̀, wọ́n sì ń fi í yangàn sí mi títí a fi dé ibùdókọ̀.

A ti wọ ọkọ̀ nígbà tí fóònù dún.

"Mélòó ni wọ́n?"

"Méjìlélógún, sà."

"Méjìlélógún péré?" Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣírò ó lẹ́nu. "Ó ku mẹ́rìndínlógójì. Àwọn yòókù ńkọ́?"

Mo wo ojú fèrèsé. Ilẹ̀ ti ń ṣú lórí oko.

Mo ní, "Wọ́n wà ní Lincoln, Bàbá. Wọ́n ń jẹko."